Adití Kan Tí Wọn Kò Kà ní Titirou

Titirou, ní Parakou
Oṣù karùn-ún, ọdún 1979

Ọmọ́yẹmí ọmọ mi, Àpínkẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Mo kí ọ kú òòrùn, nítorí wọ́n ní òòrùn Kútọnu kò jọ tiwa, pé ńṣe ni ó máa ń se ènìyàn bí ẹni tó wà nínú ìkòkò tí a dé ní ọmọrí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo kí ọ kú àdágbé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Ṣé omi òkun kò wọlé yín? Ọlọ́run tí ó mú ọ gun ọkọ̀ ojú irin kúrò lọ́dọ̀ mi láìfarapa, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ìta àti lábẹ́ òrùlé. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Ojú kò ní tì ọ́ lójú ẹni tí ń retí ìtìjú rẹ. Àmín. Bí o bá ń béèrè àlàáfíà tèmi, mo wà. Ẹ̀yìn ń ro mí díẹ̀, orúnkún ọ̀tún mi sì máa ń ké bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ igbe rẹ̀ o, àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ fún mi.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ́ pákó lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi ṣe tábìlì. Bí ìlà mi bá wọ́, fi orí jì mí, abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dì, kì í ṣe bíkì ìkọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ṣábẹ̀ ni mo ti mọ̀wé, Bíbélì ni wọ́n sì fi kọ́ mi, nítorí náà bí o bá bá “kíyèsí i” pàdé nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Ilé wà bí o ti fi í sílẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó ká páànù kan lórí ilé ìdáná, mo gun àpótí lọ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ padà. Máńgòrò tí ìyá rẹ gbìn kí ó tó kú so lọ́dún yìí débi pé ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣà á. Èyí tí mo bá lè jẹ ni mo ń jẹ, ewúrẹ́ Tàíbátù ń bá mi jẹ ìyókù. O kò gbàgbé Tàíbátù, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, tí ògiri ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Obìnrin dáadáa ni. Bí ó bá se ọbẹ̀, ó máa ń gbé díẹ̀ gba orí ògiri fún mi, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, èmi á mi orí, á sì padà wọlé rẹ̀. Àwọn tó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láti bá mi tàkúrọ̀sọ nígbà tí mo bá ń ránṣọ kò wá mọ́. Wọ́n á kọjá, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè sí mi, wọ́n á lọ.

Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ará Parakou kò ti sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Mo ní Ehuzu ni, ìyípadà tí ìjọba ń ké kiri yìí, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ìjọba láìdáa, kí ó rántí pé ògiri létí. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ti ba gbogbo ìlú. Bí mo bá lọ ra òwú ní Arzèkè, obìnrin tí ń tà á á kàn máa mi ẹnu bí ẹja, kò ní jẹ́ kí ohùn jáde. Àwọn alárù tó máa ń pariwo pé kí a yà lọ́nà, wọ́n ti dákẹ́, ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n kàn máa ń gbé ẹrù gbá. Mo ní Ehuzu mà le o, ó ti pa alárù lẹ́nu mọ́! Èmi nìkan ni kò bẹ̀rù. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́, Tàíbátù á sì máa juwọ́ sí mi pé kí n rọra, kí n rọra. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá, èyí tó máa ń dún tàkà-tàkà tí ìwọ fi ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé, òun náà ti dákẹ́. Mo ní òróró tuntun tí mo rà ló dára. Mo tilẹ̀ ti yin òróró náà fún gbogbo aránṣọ tó wà ní Titirou.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà nígbà tí ìkànìyàn dé. Kí ó tó dé ni ọ̀rọ̀ ti gba ìlú pé ìjọba fẹ́ mọ iye afọ́jú, iye arọ, iye abuké, iye odi àti iye adẹ́tẹ̀ tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ kó wọn jọ sí ibì kan ni. Àwọn mìíràn ní rárá, pé wọ́n fẹ́ pín wọn ní dọ́gbadọ́gba ni, nítorí Ehuzu kò fẹ́ kí ìlú kan ní nǹkan ju ìlú kejì lọ, bí afọ́jú bá pọ̀ jù ní Parakou, wọ́n á bu díẹ̀ fún Kútọnu. Èyí ni èmi gbà gbọ́, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ tó tọ́.

Tàíbátù gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Kàsìmáwò, abuké ni, ará jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí ó rí ẹni tí ń ka ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ata gbígbẹ sí. Kàsìmáwò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Tàíbátù ní ewúrẹ́ òun ni. Ẹni tí ń ka ènìyàn ní ewúrẹ́ yìí mà mọ ẹ̀sìn o, pé bó bá ti sín tán ló ń sọ pé alihamudulilai. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kọ Kàsìmáwò sínú ìwé, kò sì sí ẹni tó wá gbé e lọ títí di òní. Tàíbátù fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ àti ojú ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ògiri, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di igi máńgòrò mú. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó kàn mí, ẹni náà wọlé, Àkàndé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu, olùkọ́ ilé ìwé ni, ohùn rẹ̀ sì ga, ìyẹn ni mo fi gbọ́ ìdajì. Ó kọ́kọ́ na ìkúùkù sókè, ó ní ìjà ń tẹ̀ síwájú. Mo yára gbé igi ìwọ̀n mi, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mo máa rí ẹni tí à ń bá jà. Ó ní kí n jókòó, pé ìkíni Ehuzu ni. Ó bi mí pé àwọn wo ló ń gbé inú ilé. Mo ka ara mi, mo ka ìwọ, mo ka ìyá rẹ. Ó ní ṣé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sun ibí lánàá. Mo ní ìwọ wà ní Kútọnu. Ó yọ ọ́ kúrò. Ó ní ìyá rẹ ńkọ́? Mo ní ó sun ibí, mo lálàá rẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé láti bo omi. Ó ní àlá kò ní ibi tí a ń kọ ọ́ sí nínú ìwé òun. Ó yọ òun náà kúrò.

Ó wá bi mí pé ṣé afọ́jú wà nínú ilé, mo ní kò sí. Ó ní arọ ńkọ́, mo ní kò sí. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tí kò gbọ́rọ̀. Inú bí mi. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, ó gbọ́rọ̀ ju ọmọ ẹnikẹ́ni lọ ní Titirou, bí mo bá ní kí ó jókòó, á jókòó, bí mo bá ní kí ó dìde, á dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ tí à ń fi etí gbọ́ ni òun ń wí. Mo ní etí náà ló fi ń gbọ́ ọ, ojú ni kí ó fi gbọ́ ọ ni? Ó wò mí, ó fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́. Bí ó ti ń jáde, ó fi ẹfun kọ ọ̀kan sára ilẹ̀kùn wa. Mo ní máàkì ni. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní kí ló dé tó fi fún ilé Tàíbátù ní mọ́kànlá tí ó fún mi ní ọ̀kan, ṣebí èmi gbálẹ̀ ju wọn lọ. Ó ní iye orí tó wà nínú ilé ni, Bàbá. Mo padà wọlé, mo jókòó, mo sì ń wo ilẹ̀kùn náà láti inú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni awakọ̀ kan mú iṣẹ́ rẹ wá pé o máa pè mí lórí tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo wọ agbádá tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó. Mo rún orín títí ẹnu fi ta mí, nítorí n kò fẹ́ kí òórùn ẹnu mi gba okùn tẹlifóònù lọ bá ọ. Bọ́lánlé, ọmọbìnrin tí ń so okùn pọ̀ níbẹ̀, tí irin kan há mọ́ lórí láti etí dé etí, fi nǹkan dúdú náà lé mi lọ́wọ́. Mo fi sí etí. Atẹ́gùn ni mo gbọ́, bí ẹni fi etí sí ẹnu ìkòkò òfìfo. Mo pe orúkọ rẹ. Atẹ́gùn. Mo tún pè ọ́. Mo wá rò ó, mo ní ó ti yé mi, ẹ̀rù Ehuzu ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, kò lè sọ̀rọ̀ nítorí àwọn tí ń fetí kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ dáàbò bò ọ́. Mo pariwo pé má sọ ohunkóhun mọ́, ọmọ mi, mo ti gbọ́ ọ, dúró síbi tí o wà, má wá síbí rárá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo rò pé bí nǹkan bá ń le ní Kútọnu, ojú ọ̀nà ni yóò le jù. Mo dá nǹkan dúdú náà padà fún Bọ́lánlé, inú mi sì dùn pé mo lo ọgbọ́n. Omi wà lójú ọmọbìnrin náà. Mo ní irin orí rẹ̀ ló ń fún un.

Láti ọjọ́ náà, ìwé rẹ kò dé mọ́. Mo máa ń rìn lọ bi wọ́n, wọ́n á gbọn orí. Àpínkẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ, ó le. Ilé tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ tún wá dákẹ́ sí i. Mo máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí n má jẹ ẹ́, nítorí jíjẹ oúnjẹ láìrí ẹni tí a ó wò lójú, iṣẹ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aṣọ tí mo bá rán tán sọ̀rọ̀ lórí ìkọ́ tí mo fi wọ́n kọ́ sí. Bùbá kan wà tó jẹ́ ti ìyàwó awakọ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí mo fi kọ̀ láti gbé e fún un, nítorí ó jọ ẹni tó dúró sí igun yàrá.

Ohun tó là mí lójú ni aago ìjọ. N kì í gbọ́ ọ mọ́. Mo máa ń dé ilé ìsìn bí wọ́n bá ń tú ká, mo sì ń bínú sí Abraham, kàtékísì wa, pé ó ti di ọ̀lẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo lọ bá a kí ó tó di àkókò, mo ní òní ni n ó mọ̀ bóyá ó ń lu aago tàbí kò lù ú. Kò bá mi jà. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí abẹ́ aago náà gan-an, ó di okùn mú, ó fà á. Mo rí aago tí ń mì. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tó ń gbá apá ọ̀tún, tó ń gbá apá òsì. Àwọn ẹyẹlé fò jáde lórí òrùlé. Mo rí àwọn ọmọdé tó fi ọwọ́ di etí. Èmi, ilẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi nìkan ni mo mọ̀. Abraham fà á títí, ó ń wò mí lójú, ó wá fi okùn sílẹ̀. Mo ní, Abraham, ṣé ó dún? Ó mi orí pé ó dún.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kíyèsí i, ìlú kò dákẹ́. Obìnrin olówùú ń sọ̀rọ̀, àwọn alárù ń pariwo, òróró mi kò ní agbára kankan. Èmi ni. Ohun tó sì gún mi lọ́kàn bí abẹ́rẹ́ ni pé bí aago bá lè dún lórí mi tí n kò gbọ́, ṣé ohùn ọmọ mi láti Kútọnu ni n ó gbọ́?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, níbi tí Àkàndé ti ń kó àwọn ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ jọ, mo ní mo wá jẹ́wọ́ pé adití wà nínú ilé mi, kí ó kọ mí. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ́ Sàrúmì, afọ́jú ni, ará àdúgbò Albarika, kò ju ọjọ́ orí mi lọ. Òun wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi kíkà tí wọ́n kà á ṣe. Àkàndé ń pariwo sí mi, ó ń fi ọwọ́ júwe, mo ń mú ọ̀kan, mo ń sọ méjì nù. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà sú Sàrúmì. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó bá èjìká mi, ó tọ ọrùn mi gòkè, ó di etí mi mú bí ẹni di etí ìkòkò mú, ó wá gbé ẹnu rẹ̀ sí i. Ó ní, ọ̀rẹ́, ṣé o gbọ́ mi báyìí? Mo gbọ́ ọ! Ohùn ènìyàn ni, ó gbóná, ó ń run obì. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sí ẹni tó fi ẹnu kan etí mi.

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ àlàyé Àkàndé láti ẹnu Sàrúmì. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ irú ìpalára tó pọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan ni, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ yẹ kí ó lọ. Ó ní nínú ìwé tòun ní àdúgbò wa, afọ́jú ló pọ̀ jù, nítorí kòkòrò etí odò tí ń jẹ àwọn àgbẹ̀ lójú, arọ tẹ̀ lé e, adití sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó dùn mí pé àwa ni a kẹ́yìn. Mo bi í pé ṣé àwa adití kò ṣe dáadáa tó ni. Ó ní kì í ṣe ìdíje, Bàbá. Ó ní afọ́jú ní ọ̀pá, arọ ń wọ́ nílẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ló rí wọn, ṣùgbọ́n etí tó kú kò yàtọ̀ sí etí tó yè bí a bá ń wò ó. Ó ní ará ilé adití á rò pé onígbèéraga ni, òun náà á rò pé ará ilé òun ló yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń kà á á fi kọjá. Mo ní kí ó kọ mí kíákíá. Ó ní ìwé ti lọ sí Kútọnu.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fún Sàrúmì. Ó ní kí n dìde, kí n mú òun lọ síbẹ̀, pé ojú tèmi ni yóò jẹ́ ojú wa, etí tòun ni yóò jẹ́ etí wa. A lọ. Mo bẹ Bọ́lánlé pé kí ó sọ ohun tí ọmọ mi wí lọ́jọ́ náà, nítorí irin orí rẹ̀ yẹn, ohùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rọra sọ ọ́ fún Sàrúmì. Ó pẹ́ kí Sàrúmì tó di etí mi mú. Ó ní ọmọ mi ní òun lóyún. Ó ní ẹni tó ni oyún náà ti lọ, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Ó ní wọ́n ti ní kí ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ó béèrè léraléra pé Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ṣé kí n máa bọ̀ nílé? Èmi sì dáhùn pé mo ti gbọ́, kí ó dúró síbi tó wà, kí ó má wá síbí rárá. Omi gbígbóná kán sí mi léjìká. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú tí kò ríran ṣì ń sunkún.

Ọmọ mi, máa bọ̀. Kò sí ẹni tó lé ọ. N kò gbọ́ ọ ni, àní, etí ni kò gbọ́, kì í ṣe ọkàn. Má ronú ohun tí àwọn ará ìjọ máa wí, wọ́n lè wí i títí, ta ni yóò gbọ́ ọ nínú ilé yìí? Má bínú pé Sàrúmì mọ ọ̀rọ̀ rẹ, òun ni etí mi báyìí, ọ̀sán ọ̀sán ló ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, à ń jẹ máńgòrò.

O mọ̀ pé n kì í parí ìwé láìtọrọ owó, èyí náà kò ní yàtọ̀. Wá owó díẹ̀, níbi yòówù kí o ti rí i, ṣùgbọ́n má fi rán mi. Fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí kò bá tó, ránṣẹ́, mo ti rí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì tí n kì í lò. Kí o tó kúrò ní Kútọnu, bá mi yà sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ro ìkànìyàn pọ̀, kí o ní adití kan kù ní Titirou, kí wọ́n fi kún un. Sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n má rò pé à ń bá wọn jà.

Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ yóò wá sáyé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rìn, ojú tó ń ríran, etí tó ń gbọ́. Bí ó bá sì wá pẹ̀lú èyí tí kò pé, yóò bá wa níbí, a ó mọ bí a ti ń ṣe é. Ọ̀nà yóò là fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànní Fádípẹ̀, aránṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìgbàkígbà tí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn o, má sì dúró níta kí o máa pè mí. N kì í tì í mọ́. Ṣáà fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn, kí o wọlé.